Kí Ẹ Tó De Irin Ìfàokùn Mọ́ Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré

Johannesburg wà lára àwọn ìlú ńlá díẹ̀ tí kò sí létí òkun tàbí odò ńlá. Wúrà ló bí i ní 1886, kì í ṣe omi. Síbẹ̀, bí ooru bá ti mú ní oṣù Kejìlá, àwọn ìdílé láti Mayfair àti àwọn àdúgbò mìíràn a máa forí lé gúúsù, lọ sí Vaal Dam, adágún tí wọ́n parí ìdídò rẹ̀ ní 1938. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gun wakeboard, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí èèyàn ń dúró lé, tí ọkọ̀ ojú omi ń fi okùn fà.

Irin ìfàokùn ni irin tó tẹ̀ kọjá lórí ọkọ̀ bí férémù ilẹ̀kùn. Okùn tí a so mọ́ ọn ń fa èèyàn sókè, ó sì jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó mú un dára yìí náà ló mú un léwu. Bí ẹni tó di orí igi mú tó ń mì í ni: gbòǹgbò ni ìyà ń jẹ. Bí ọkọ̀ bá kéré tó sì fúyẹ́, tí ẹni tí a ń fà bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin náà lè fa ọkọ̀ tẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìbú ọkọ̀ yín, kí ẹ sì bi ẹni tó ṣe irin náà bóyá ó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mu àti bí ẹrù tó lè fà ṣe tó. Ẹ má fi skúrù lásán dè é. Bóòtù tó gba ara ọkọ̀ kọjá ni kí ẹ lò, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tì í lẹ́yìn nínú, kí nọ́ọ̀tù má baà ya fáíbà. Bí pákó bá wà láàárín fáíbà náà, ẹ dí etí ihò tí ẹ lu dáadáa. Omi tó bá wọ ibẹ̀ yóò jẹ pákó náà rà. Ẹ fi gbogbo bóòtù sí i ní dídẹ̀ ná, ẹ tún ìdúró irin náà ṣe, kí ẹ tó wá fún wọn. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tún sípánà gbé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má so róbà oníafẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń jókòó sí mọ́ irin yìí. Ó máa ń rì wọnú omi lójijì, ó sì ń já okùn gbà pẹ̀lú agbára ńlá. Ìdí ọkọ̀ ni ibi tirẹ̀. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ gun irin náà.

Lábẹ́ òfin South Africa ti 2007, ọkọ̀ kékeré oníẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí pé ó yẹ fún omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ju 15 horsepower lọ, awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ fi irin tuntun náà han ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò.

Ní ọjọ́ ìgbádùn, kí gbogbo èèyàn wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí àgbàlagbà kan sì kọjú sẹ́yìn máa wo ẹni tí a ń fà. Awakọ̀ kò lè wo iwájú kó tún máa wo ẹ̀yìn.