Ibi tí omi Ṣáṣá ń sá sí

Ní Ṣáṣá, ní Èkó, ilé ti fún mọ́ ilé débi pé ilẹ̀ tí òjò lè rì sí kò pọ̀ mọ́. Ká ní òjò mìlímítà 50 rọ̀ sórí pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó sì gùn ní 120, tí páànù àti sìmẹ́ńtì ti bò tán, omi tó máa jáde níbẹ̀ ju lítà 30,000 lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó lé ní 1,200. Pulọ́ọ̀tì kan péré nìyẹn. Gọ́tà á gbé e dà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, títí yóò fi dé àbàtà.

Àbàtà kì í jẹ́ kí omi yẹn sáré. Eèsún, kókò àti igi ògùrọ̀ á dá a dúró, omi á tẹ́ rẹrẹ, yanrìn tó ń gbé bọ̀ á sì rọlẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ dúdú tí afẹ́fẹ́ kì í dé, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa jẹ ìdọ̀tí ṣaláńgá àti ajílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni omi á máa yọ́ lọ sínú odò; òmíràn á rì sílẹ̀, tí kànga àdúgbò kì í fi í tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi odò la sì ń mu: iléeṣẹ́ omi Ìṣàṣí, fún àpẹẹrẹ, ń fa omi odò Owo. Bí àbàtà etí odò náà bá bàjẹ́, omi tó dọ́tí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò máa fọ̀ fún wa mu. Agbára àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ yẹn náà sì lópin: wọn kò lè jẹ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, wọn kò sì lè borí omi dúdú tó ń sun lábẹ́ ààtàn ńlá bíi Solous ní Ìgàndò.

Yanrìn tí wọ́n fi ń dí àbàtà ló ń dùn mí jù. Bí típà bá da yanrìn kún àbàtà, omi ibẹ̀ kò parẹ́, pálọ̀ ẹlòmíràn ló ṣí lọ. Ilé tí wọ́n kọ́ lé e lórí pàápàá á máa rì, ògiri á máa là, torí ẹrẹ̀ abẹ́ yanrìn ń fún pọ̀ lọ́dọọdún.

A lè jẹ lára àbàtà láìpa á. Àwọn tó ń dá àkùrọ̀ ti mọ̀ ọ́n: wọ́n á kọ ebè gíga, omi á gba poro kọjá, wọ́n á gbin ewédú, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Kí wọ́n ṣáà fi igbó etí omi sílẹ̀ láìro, kí wọ́n má sì fín oògùn apako síbẹ̀.

Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà tí wọ́n ṣe ní Ramsar, ní Iran, lọ́dún 1971, Nàìjíríà forúkọ àbàtà 11 sílẹ̀. Kò sí ti Èkó níbẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ àti ojú aládùúgbò ló ń ṣọ́ tiwa.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kó lọ wò ó ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kìíní, ibi púpọ̀ ló máa ń dà bí ilẹ̀ gbígbẹ. Bó bá rí kókò tó lalẹ̀ hù tàbí òṣíbàtà nítòsí, kó mú ìwé sọ́fè lọ bá àwọn tó ń bójú tó kànáálì ní iléeṣẹ́ ìjọba Èkó fún àyíká àti omi, kó bi wọ́n bóyá ọ̀nà omi ni, kó tó sanwó fún ọmọ onílẹ̀.