Ariwo Sàlẹ́ńsà ní Adakpamé

Àwa tí a ń gbé Adakpamé mọ ohùn ọkọ̀ 4x4 àlòkù dáadáa. Èbúté Lomé ni wọ́n ti ń gúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọjá lọ sí Burkina Faso àti Niger. Ní ti àwọn tí ó kù sọ́dọ̀ wa, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ irin wọn, títí sàlẹ́ńsà, tí a ń pè ní pot d'échappement, yóò fi lu.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí a bá fún ẹnu páìpù pọ̀, ariwo yóò rọlẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni: èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde a padà fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Àyè ni sàlẹ́ńsà fi ń pa ariwo. Yàrá àti páìpù oníhò wà nínú rẹ̀, níbi tí àwọn ìgbì ohùn ti ń kọlu ara wọn títí agbára wọn yóò fi tán. Milton àti Marshall Reeves gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1897.

Nítorí náà, kí a tó ra òmíràn, kí a kọ́kọ́ wá ibi tí ó ti ń jò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ yẹ àwọn ojú ìsopọ̀ wò. Ibi tí èérí èéfín dúdú bá lẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí ihò wà níbẹ̀. Jórinjórin lè dí i bí irin tí ó yí i ká bá ṣì lágbára. Bí ó bá ti dípẹtà tán, owó ìjórin ṣòfò ni.

Ariwo nìkan kọ́ ni ó ń gba ihò náà jáde. Carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, lè gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀, kí ó sì pa àwọn ọmọ tí wọ́n sùn sẹ́yìn.