Ta Ló Ń Kàwé Nílé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Darandaran Òkè-Ògùn?

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn darandaran jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ọmọ àwọn Fúlàní tó ń da màlúù, torí pé ètò ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro kò bá ìrìn wọn mu. Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò yìí kalẹ̀. Ní 1989, òfin dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀, Kàdúná sì ni olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí àti Kìṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, koríko pọ̀, gáà, ìyẹn ibùdó àwọn Fúlàní, náà sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti pẹ́ ní gáà débi pé àwọn ọmọ wọn ń sọ Yorùbá geere. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín wọn kì í tóbi: yàrá kan tàbí méjì, tíṣà ò ju díẹ̀ lọ, kíláàsì méjì mẹ́ta a sì máa kọjú sí pátákó kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ọmọ Fúlàní nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lábà nítòsí máa ń fi ọmọ tiwọn síbẹ̀ torí òun ló sún mọ́ wọn jù: ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgèdè àti Tiv tí bàbá wọn ti Benue wá ṣiṣẹ́ oko, àti ọmọ àwọn tó ti ọ̀nà Kútọnu wọlé.

Iye orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà kì í bá iye ọmọ tó wà ní kíláàsì dọ́gba. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí koríko gbẹ, ọmọkùnrin tó ti lè di ọ̀pá mú á bá màlúù lọ sétí odò Ògùn tàbí Ọ̀fìkì. Bí òjò bá dé, wọ́n á padà, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ń pe ọmọ tiwọn sóko, láti gbin àgbàdo, kí wọ́n sì ro oko iṣu. Bí àwọn kan ṣe ń wọlé ni àwọn mìíràn ń jáde. Ẹni tó bá ka àwọn ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, tó sì fi ìyẹn pín tíṣà àti ìwé, kò ṣe wọ́n dáadáa.

Ti ọmọbìnrin Fúlàní tún yàtọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, òun àti ìyá rẹ̀ á gbé igbá wàrà lọ tà. Kò sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fún un lọ́kọ kó tó parí ìwé mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí obìnrin fi máa ń dín kù ní kíláàsì òkè. Ààbò náà ń kó ipa tirẹ̀: nígbà tí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Ìgángan ní Ìbàràpá tó wà nítòsí, lóṣù kìíní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ìdílé Fúlàní sá kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ gbọ́dọ̀ lò nílé-ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́fà péré ni ti gáà. Ìgboro ni ọdún mẹ́ta tó kù wà, ọmọ tí kò bá ní ìbátan tó máa gbà á sílé níbẹ̀ kì í sábà débẹ̀.