Ìbọn Bàbá Àgbà: Bí Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Faransé Ṣe Dé Inú Àpótí Wa

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo kan tó ń lọ gbì-gbì-gbì lẹ́yìn ohùn mi nínú ètò yìí, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Ṣómólú la ti ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kì í sùn. Ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé e, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dánfó tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo sí létí, ẹ̀yin la kọ eléyìí sílẹ̀ fún.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, Big Daddy, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Dádì mi, fi fọ́tò kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Ìbọn ni, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbọn Bàbá Àgbà ni. Ọdẹ ni Bàbá Àgbà ní Ìmẹ̀kọ, nítòsí ẹnubodè Benin. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn sun ìrèmọ̀jé, wọ́n ṣe ìṣípà ọdẹ, wọ́n kó àpò ọdẹ, ẹ̀wù ọdẹ àti ṣakabùlà wọn lọ sínú igbó. Ṣùgbọ́n ìbọn kejì yìí, èyí tó wọ́n, ẹnìkan ti gbé e pamọ́ sínú àpótí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí.

Ohun tí Big Daddy kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni pé ẹnìkan ní Bàrígà ti fẹ́ rà á. Mo pè wọ́n.

“Ẹ káàsán sà. Big Daddy, ṣé ẹni yẹn ní ìwé àṣẹ ìbọn?”

“Ìwọ ọmọ yìí, o ti tún dé. Ẹni tó fẹ́ rà á kò bèèrè ìwé. Owó ló mú wá.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ya fọ́tò ara rẹ̀ dáadáa ná. Mo fẹ́ ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.”

Wọ́n rò pé mo fẹ́ fi ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì ni. Ẹ ò rí i pé wọn ò parọ́.

Nígbà tí fọ́tò náà dé, mo rí “Manufrance”, mo sì rí “St Étienne”. Ọ̀pá ìbọn náà jẹ́ méjì, ọ̀kan jókòó sórí èkejì. Ẹ mọ dọ́bù-bárẹ̀ẹ̀lì tí ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ihò imú. Tiwa yìí dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣakabùlà tí gbogbo wa mọ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki í. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á ki ọta sí i, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bó bá fà á, òkúta kan á gbá irin, iná á ṣẹ́, ẹ̀tù á gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò Denmark tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gbé e wá sí etíkun wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n òkúta tó ń gbá irin yẹn, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Marin le Bourgeoys, ará ìlú Lisieux, ni wọ́n sọ pé ó sọ ọ́ di odindi ní nǹkan bí ọdún 1610. Ṣé ẹ rí i? Ṣakabùlà tí a ń pè ní ìbọn ìbílẹ̀, ó ní ìyá ìyá ní Faransé.

Wàhálà ṣakabùlà ni pé ó ń pẹ́. Kí o tó ki í tán, ẹran ti lọ. Bó bá jẹ́ ogun ni, ọ̀tá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Òjò náà kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ní àárín ọdún 1830 sí 1840, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní Paris, Casimir Lefaucheux, mú ojútùú wá. Ó so ọ̀pá ìbọn mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹní so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, tó fi jẹ́ pé ìbọn náà lè tẹ̀ sílẹ̀ láàárín, kí ìdí ọ̀pá sì ṣí sílẹ̀. Ó wá di ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń ṣáná pọ̀ sínú kátíríìjì kan ṣoṣo. Ṣí i, ki í láti ìdí, pa á dé, ó parí. Lọ́dún 1851, wọ́n gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní London. Àwọn alágbẹ̀dẹ Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n padà sílé lọ ṣe tiwọn. Nǹkan tó kù tí àwọn ẹlòmíì yí padà ni bí kátíríìjì ṣe ń gbaná. Títẹ̀ tó ń tẹ̀ láàárín yẹn kò yí padà títí dòní.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí kíki ìbọn láti ìdí lè ṣe, ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn àti Èkìtì. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtìpàrapọ̀ tó ń ṣòwò ní Èkó níbí ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé. Kì í ṣe iṣẹ́ Lefaucheux, irú tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò ni, ṣùgbọ́n ìdí ni wọ́n ti ń ki òun náà. Agbára Ìbàdàn kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lójú ogun yẹn.

Kí ló wá dé tí ọ̀pá kan fi gun orí èkejì? Láyé ìbọn olókùúta, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan nílò òkúta àti àwo ẹ̀tù tirẹ̀, ó sì rọrùn láti fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Nígbà tí kátíríìjì dé, kò sí àwo ẹ̀tù mọ́. Àǹfààní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo lojú ọdẹ ń tọ̀ lọ sára ẹran. Kò sí ọ̀pá méjì tó fẹ̀ tí yóò bo ohun tó ń wò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìbọn náà gbọ́dọ̀ ṣí gbayawu kí kátíríìjì ìsàlẹ̀ tó lè jáde, irin àárín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jinlẹ̀. Ilé iṣẹ́ Boss ní London ṣe tiwọn ní 1909. Browning ará Amẹ́ríkà ya tirẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láti Belgium ní 1931, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lónìí, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń yin shotgun nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ń gbé.

Saint-Étienne ní tiẹ̀ jẹ́ ìlú èédú àti irin. Láti 1764 ni ọba Faransé ti ní ilé iṣẹ́ ìbọn síbẹ̀. Ní 1885, Étienne Mimard àti Pierre Blachon dá ilé iṣẹ́ tó wá di Manufrance sílẹ̀. Ẹ fojú inú wo Jumia láyé tí kò sí fóònù. Ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ àwòrán ọjà sí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn: ìbọn wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Hirondelle wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà níbẹ̀. O mú èyí tó wù ọ́, o kọ lẹ́tà, ọjà á dé. Ìwé yẹn dé àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà pẹ̀lú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiwọn ni wọ́n pè ní Falcor. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1985.

Dádì mi ló sọ èyí tó kù fún mi. Kétu kò jìnnà sí Ìmẹ̀kọ, ẹbí kan náà ni wọ́n kí àwọn òyìnbó tó fa ìlà sáàárín wọn, Faransé mú apá kan, Gẹ̀ẹ́sì mú apá kejì. Kétu ni Bàbá Àgbà ti ra ìbọn náà, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí Bàrígà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní “cut-to-size”. Ọgbọ́n Lefaucheux náà ni: ó ń tẹ̀ láàárín, kátíríìjì ló ń jẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti gé e kúrú kó lè wọ abẹ́ aṣọ. Ẹni tó ń ra ìbọn ọdẹ láì bèèrè ìwé, ní àdúgbò tí kò sí ìgalà kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fi ṣọdẹ? Nígbà tí ìbọn bá dún lálẹ́ ní Bàrígà, ilẹ̀ ni èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé máa ń sùn sí, kúrò lójú fèrèsé.

Òfin ìbọn tó wà láti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, èyí tí àwọn ọlọ́pàá lè fún èèyàn níwèé lé lórí, bíi ìbọn ọdẹ tiwa yìí, àti èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, bíi ṣakabùlà. Ìwé àṣẹ náà, ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni. Kì í ṣe ogún bí ilé. Láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà ti kú, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn yẹn.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Dádì. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Àwọn ọdẹ ti ṣe ìṣípà. Àwa la kò jẹ́ kó parí.” Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ sí Ìmẹ̀kọ, wọ́n mú ìwé àtijọ́ Bàbá Àgbà dání, wọ́n sì fi ìbọn náà lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí.

Big Daddy ti jáde kúrò lórí WhatsApp ẹbí. Mo ṣì ń pè wọ́n, wọn ò tíì gbé e. Màá tún pè lọ́la.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn bàbá yín. Bí ẹ bá rí ìbọn tí olówó rẹ̀ ti kú, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ẹ mọ ìtàn rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ síbi tó yẹ kí ẹni tí kò bèèrè ìwé tó dé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.