Ewu Tí Ìtìjú Ń Bò Mọ́lẹ̀ Nínú Ọgbà Yunifásítì

Bí ọ̀rọ̀ ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá délẹ̀ láàárín àwọn òbí, ẹjọ́ méjì náà là ń dá: ọmọkùnrin ń mu igbó, ọmọbìnrin ń ṣe ìṣekúṣe. A ó bú wọn, a ó gbàdúrà, a ó sì tú ká. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fara mọ́ ẹjọ́ yìí. Tọkùnrin tobìnrin ló ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu, àmọ́ ti ọkùnrin ń hàn sí gbangba, ti obìnrin ń sá pamọ́. Èrò tèmi ni pé ìtìjú tí a gbé lé obìnrin lórí ló ń sọ ohun tí à bá tètè tọ́jú di àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, nígbà mìíràn pàápàá, ikú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òògùn olóró. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti òògùn olóró, àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 ènìyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo òògùn olóró láàárín ọdún kan. Ẹkùn ilẹ̀ Yorùbá ló ga jù, ó lé ní ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n bi léèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ẹni mẹ́rin tó ń lò ó, ẹnì kan péré ni obìnrin. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin lèyí. Àmọ́ igbó ni ọkùnrin fi ju obìnrin lọ fíìfíì. Tó bá kan oògùn ikọ́ olómi àti oògùn ìrora bíi tramadol, ìyàtọ̀ àárín wọn dín kù gan-an. Igbó ń rùn, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ni yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìgò oògùn ikọ́ kò rùn. Bí ìyá bá rí i nínú báàgì, yóò rò pé ikọ́ ló ń ṣe ọmọ òun. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé àti ṣíṣe é nílé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ti di bárakú fún, ta ni yóò lọ sọ fún? Bí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ìbéèrè yẹn ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Nínú ìbálòpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí HIV káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i pé iye ọmọbìnrin ọmọ ọdún 20 sí 24 tó ní kòkòrò náà ju ti ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọjọ́ orí yunifásítì gan-an nìyẹn. Èyí kò fi hàn pé wọ́n ń ṣèṣekúṣe ju ọkùnrin lọ. Ara obìnrin máa ń tètè gba kòkòrò náà. Àwọn kan nínú wọn sì ń bá ọkùnrin tó dàgbà jù wọ́n lọ, tó ń san owó ilé àti owó iléèwé, rìn. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ọmọdé máa pàṣẹ kọ́ńdọ̀mù fún òun. Ọmọkùnrin tó ra kọ́ńdọ̀mù, wọ́n á ní ó gbọ́n. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀, aṣẹ́wó ni. Ẹni tó bẹ̀rù oyún á sáré lọ sí kẹ́mísìtì ra oògùn tí wọ́n ń lò láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Oògùn yẹn lè dènà oyún, kò lè dènà àrùn kankan. Bí oyún bá sì dúró, òfin kò fàyè gba kó ṣẹ́ ẹ àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, torí náà ọwọ́ ayédèrú dókítà ló sábà máa ń bọ́ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà, á ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá títí yóò fi pẹ́ jù, kí wọ́n má baà bi í léèrè ohun tó ṣe.

N kò sọ pé ti ọkùnrin kéré o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé, ọkùnrin tó ń bá a lọ sì tó ìlọ́po mẹ́ta obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà, ọsibítù ni wọ́n ń gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bi í bóyá ó ti gbéyàwó.

Àwọn kan á ní bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ̀mù, àṣẹ ìṣekúṣe la fún un. Ẹ̀rù yẹn yé mi, ìfẹ́ ọmọ ló bí i. Àmọ́ nígbà tí UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ṣàkójọ ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fún ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2018, wọn kò rí i pé ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ ń mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìbálòpọ̀. Àwọn mìíràn á ní àìkọ́mọ nílé ló fà á. Ẹ̀kọ́ ilé ṣe pàtàkì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ láti tijú, tí wọn kò kọ́ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá dé, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù síbì kan.

Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn ọgbà yín jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ti lè ṣe àyẹ̀wò HIV, tàbí kó jẹ́wọ́ pé òun ń mu codeine, láìsí nọ́ọ̀sì tí yóò wàásù fún un tàbí tí yóò pe òbí rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọkùnrin yín náà sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, torí òun náà lè gbé àrùn ran ọmọ ẹlòmíràn. Kí ẹ sì sọ fún ọmọbìnrin yín, kó tó wọkọ̀ lọ sí iléèwé, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ni kó kọ́kọ́ pè.