Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Gbé Yín Lọ Síbi Tí Ẹ Kò Rán An

Kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò inú ilé ní ibi púpọ̀, tí àwọn ọmọ fi ń wo èsì ìdánwò, tí àwọn òbí sì fi ń bá báńkì ṣe iṣẹ́. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ó kọ orúkọ ìkànnì kan sí i yóò rí i pé òmíràn ni ó ṣí níwájú òun, tí ìpolówó oògùn, tẹ́tẹ́ àti àwòrán tí kò yẹ ojú ọmọdé yóò sì máa yọ jáde láìdáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn a rò pé ẹ̀rọ náà ti gbó, wọn a sì fẹ́ ra òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀rọ náà sábà máa ń dá ṣáṣá. Àlejò tí a kò pè ni ó wọlé tì í.

Owó ni àwọn tí ó ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ń wá. Bí ìpolówó kan bá yọ, tàbí tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan wà níbì kan tí yóò gba kọ́bọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá kó kọ́bọ̀ jọ láti orí ẹgbàágbèje ẹ̀rọ, ó ti di ọrọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ayé mọ̀. Orúkọ ni à ń kọ bí a bá fẹ́ ṣí ìkànnì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. Nítorí náà kọ̀ǹpútà yín a kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní DNS, tí ó dà bí ìwé àdírẹ́sì, pé nọ́ńbà wo ni orúkọ yìí ní. Àwọn ará Estonia kan lo ètò tí a ń pè ní DNSChanger láti fi ìwé àdírẹ́sì tiwọn rọ́pò èyí tí ó tọ́. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà ilé ìtajà kan, òmíràn ni a óò júwe fún un. Ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4 kọ̀ǹpútà ni ètò náà ti wọ̀, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100, àti pé àwọn oníṣẹ́ ibi náà ti pa owó tí kò dín ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Nígbà tí a mú wọn, ìṣòro mìíràn dìde: bí a bá pa ẹ̀rọ wọn lójijì, gbogbo àwọn tí ó ń bi í léèrè ọ̀nà kì yóò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò mọ́. Ilé ẹjọ́ ní láti pàṣẹ pé kí a fi ẹ̀rọ tí ó mọ́ dípò rẹ̀ títí di ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2012, kí àwọn ènìyàn lè rí àyè tún tiwọn ṣe. Ní ọdún 2016, a rán olórí wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 àti oṣù 3.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó ń fọ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọwọ́ ara wa ni a fi ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹnì kan á gba ètò ọ̀fẹ́ láti fi gbọ́ orin, á máa tẹ Next, Next, láìka ohun tí a kọ. Nínú ìkọ̀wé náà sì ni ó ti gbà kí ètò méjì mìíràn tẹ̀lé e wọlé. Akọ̀wé yín náà ti jẹ̀bi èyí rí. Ọ̀nà kejì ni ìkànnì tí ó ní kí ẹ tẹ Allow kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn ni yín. Àṣẹ láti máa rán ìpolówó sí yín ni ẹ fi fún un.

Èyí tí ó burú jù ni ojú ewé tí yóò bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa pariwo pé kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ tètè pe nọ́ńbà tẹlifóònù kan. Orúkọ Microsoft ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Irọ́ ni, Microsoft kì í fi nọ́ńbà tẹlifóònù sínú ìkìlọ̀ rẹ̀. Ìpolówó kàn ń yọni lẹ́nu ni. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn tẹlifóònù yìí ni ó ń kó owó ilé lọ. Ẹ má ṣe pè é. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Esc mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì ti ojú ewé náà. Bí ó bá kọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tí ó bá ti sọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún wọn, kí ó pe báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti àtúnṣe lórí Windows, ọ̀pọ̀ ń ṣe é lódì: wọ́n á tún Chrome tàbí Edge ṣe kí wọ́n tó yọ ètò tí ó wà nísàlẹ̀, ní ọjọ́ kejì ìyọnu ti padà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Settings, kí ẹ ṣí Apps, kí ẹ to àwọn ètò náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Èyí tí ó wọlé ní àkókò tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì mọ̀, òun ni kí ẹ fura sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú yọ ohun tí ẹ kò mọ̀ dájú, nítorí òmíràn lè jẹ́ èyí tí ń mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí Windows Security yẹ gbogbo ẹ̀rọ náà wò. Nígbà náà ni kí ẹ wọ Settings inú Chrome, kí ẹ yọ àwọn Extensions tí ẹ kò fi síbẹ̀, kí ẹ gba àṣẹ Notifications kúrò lọ́wọ́ àwọn ìkànnì àjèjì, kí ẹ sì tẹ Reset settings. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ tọ́jú sínú rẹ̀ kò ní parẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ilé yín bá ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ kan ni ó ń darí Chrome, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ti ibi iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí àlejò náà ṣì wà ńlé. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Bí fóònù tí ó ń lo Wi-Fi kan náà bá ń ṣi ọ̀nà pẹ̀lú, ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi ni ìwé àdírẹ́sì náà ti yí padà. Ihò kékeré kan sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi ṣẹ́jú, kí ó lè padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ sì tún un tò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà titun, kì í ṣe èyí tí a kọ sí ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́.