Ìwádìí lórí Bí Ara Ṣe Ń Bá Àrùn Jà: Ọ̀nà Kan fún Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì

Bí ọmọ bá kàwé sáyẹ́ǹsì jáde ní yunifásítì tí kò sì ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ òbí ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, ló gbà pé nítorí pé kò rọ́nà kàwé dókítà ni. Ọ̀rọ̀ wa nínú ìwé yìí ni pé ìwé tó kà náà lè mú un dé ibi ìwádìí àìsàn, pàápàá ìwádìí lórí bí ara ṣe ń bá àrùn jà, àti pé Ìbàdàn gan-an ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ibà. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ ọmọ ọdún méjì àti ìyá rẹ̀. Ibà lè pa ọmọ náà, nígbà tí ìyá á kàn ní ara ń ro òun, tá á sì tún jáde lọ sí Ọjà'ba lọ́jọ́ kejì. Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbà? Ní 1961, àwọn olùwádìí ní Gambia yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní gamma globulin nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà, wọ́n fún àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe, kòkòrò ibà sì dín kù lára wọn. Ní 1962, Edozien, Gilles àti Udeozo gbé iṣẹ́ tiwọn jáde láti Ìbàdàn: gamma globulin tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun náà ń ṣiṣẹ́. Ìyá ti ń di ọmọ lámùrè ogun láti inú oyún. Iṣẹ́ ọwọ́ inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò fara sin: wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ dì, ẹ̀rọ á yí i bírí, pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á wà lókè. Omi yẹn ni olùwádìí ń wá, torí inú rẹ̀ ni gamma globulin wà.

Àwọn kan á ní ìlú òyìnbó ni irú iṣẹ́ yìí ti ń lọ déédéé, torí iná àti owó. Òótọ́ ni pé ìyà iná ń jẹ yàrá àyẹ̀wò wa, ẹni tó bá sì ráyè lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun, kó lọ. Ṣùgbọ́n ará ilé ló mọ irú ibà tó ń ṣe ará ilé. Ẹ wo olùwádìí kan, Christian Happi: ó wá láti Cameroon gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó lọ sí Harvard, ó sì padà wá dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Ibẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú àbùdá kòkòrò Kòrónà palẹ̀ ní Áfíríkà ní 2020. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé àwọn olùwádìí á fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ṣe nǹkan míì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ kan fi gbọ́dọ̀ yẹ ètò ìwádìí wò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, tí ẹni náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀.

Ọmọ tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, tó sì fẹ́ kàwé gboyè M.Sc., kó kọ́kọ́ wá olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wù ú, kó ka ohun tí olùkọ́ náà ti kọ, kó tó lọ kí i.